Ọkọ̀ Tó Ń Gbé Èèyàn Rìn Ká Houston Nítorí Ọlájùwọ́n: Ṣé Ó Tó Dọ́là 60?

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Dọ́là 60 ni orí àgbà kan, ọmọdé ń san ìdajì. Wọ́n á fún yín ní omi inú ike, wọn ò ní fún yín lóúnjẹ. Bọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n fi ń gbé èèyàn, ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ti jẹ ooru Houston rí á mọ̀ pé ìyẹn nìkan tó dúpẹ́ fún. Bí ẹ bá bi mí bóyá owó náà tọ́, màá ní ó tọ́, ṣùgbọ́n ibi méjì péré ló mú un tọ́ nínú ibi márùn-ún tí wọ́n mú wa dé. Àwọn mẹ́ta tó kù, ẹ lè jókòó sílé yín kí ẹ máa fi fóònù wò wọ́n.

Ohun tí wọ́n ń tà ni pé wọ́n á mú yín rìn ká àwọn ibi tí Hakeem Ọlájùwọ́n, gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì, ti rìn ní Houston l'Amẹ́ríkà, láti ìgbà tó dé gẹ́gẹ́ bí ọmọ Èkó tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, títí dé mọ́ṣáláṣí tó fi owó ara rẹ̀ rà. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ọmọ wa ló dá a sílẹ̀, kó tún un ṣe ni mo fẹ́, n ò fẹ́ ba ọjà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ bi àwọn ará wa tó wà ní Houston, wọ́n á júwe rẹ̀ fún yín.

Ọkọ ọmọ mi ló sanwó fún mi. Mo wá bá wọn tọ́jú ọmọ tuntun, ọmọ ti ń sùn lóru, ni ọkọ ọmọ mi bá ní, "Mọ́mì, ẹ ti jókòó sílé jù, mo ti rí ibi tó máa wù yín." Ó mọ̀ mí. Iṣẹ́ olùkọ́ eré ìdárayá ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi ṣe ní Ìbàdàn, háńbọ́ọ̀lù àti básíkẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìn tì. Fèrè mi ṣì wà nínú báàgì. Nítorí náà, ẹ má retí kí n máa pariwo bí ẹni tó rí gbajúmọ̀. Ojú olùkọ́ ni mo fi wo gbogbo rẹ̀.

Ọmọkùnrin tó mú wa kiri ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi ní ibi tí wọ́n ti ń gbé èrò, bàtà funfun rẹ̀ ní ìdọ̀tí kò sì bìkítà, ó wá dì mí lọ́wọ́ mú gun ọkọ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, ó ń fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ torí àwọn tọkọtaya kan tó ti Dallas wá, ìyàwó kò gbọ́ èdè wa. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn ife ẹ̀yẹ jù. Bí kò bá sí ife nínú ìtàn, á sáré kọjá. Ìtàn Ọlájùwọ́n tó ṣe kókó jù sì wà níbi tí kò ti sí ife.

Yunifásítì Houston ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wa lọ, ibẹ̀ gan-an ló sì ti kọ́kọ́ bí mi nínú. Gbọ̀ngàn tí Ọlájùwọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, Hofheinz Pavilion ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti tún inú rẹ̀ ṣe, láti 2018 ló sì ti ń jẹ́ Fertitta Center. Ìta la dúró sí bí ẹni tó wá gba owó orí. Ọmọ wa tó ń mú wa kiri kò bá wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè ṣílẹ̀kùn fún wa. Ó sọ ìtàn takisí, ó sì sọ ọ́ dáadáa: lọ́dún 1980, Ọlájùwọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 17, àwọn òbí rẹ̀ ń ta sìmẹ́ńtì l'Ékòó, ó balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú, kò rí ẹnì kankan tó wá pàdé rẹ̀. Ó pe yunifásítì lórí fóònù, wọ́n ní kó wọ takisí máa bọ̀. Wọn ò tiẹ̀ tíì sọ pé àwọn máa gbà á, wọ́n kàn ní kó wá kí àwọn wo ọwọ́ rẹ̀ ni. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó fò fìrí dé 1984, ó ní ìgbà náà ni Houston Rockets, ẹgbẹ́ kan nínú NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì àwọn tó ń gbowó l'Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ mú un ṣáájú Michael Jordan. Òótọ́ ni. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun lọ́dún yẹn, òun ni wọ́n mú ṣe àkọ́kọ́, Portland mú Sam Bowie ṣìkejì, Chicago mú Jordan ṣìkẹta. Ṣùgbọ́n kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín 1980 sí 1984? Mo na ọwọ́ sókè, mo bi í. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n gba ife ńlá púpọ̀ nígbà yẹn." Mo ní rárá o, kó má parọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ ọ́. Ọdún àkọ́kọ́, wọn ò jẹ́ kó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan. Ó ń bá wọn ṣe ìgbáradì, ó ń jẹun kí ara rẹ̀ lè le, ó ń lọ sí kíláàsì. Ọdún kejì, kóòṣì Guy Lewis ń mú un wọlé díẹ̀díẹ̀, kò jẹ́ kó pẹ́ nínú eré. Lẹ́yìn náà ló wá di ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Phi Slama Jama, òun àti Clyde Drexler, àwọn tó jẹ́ pé òkè agbọ̀n gan-an ni wọ́n ti máa ń fi ọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Wọ́n dé ìpele àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje ńlá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní 1982, ní 1983, ní 1984. Wọn ò gba ife rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó dunni jù ni ti 1983 ní Albuquerque: yunifásítì NC State ni wọ́n bá pàdé, gbogbo ayé ní Houston ló máa gbé e. Ẹnì kan nínú NC State ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, bọ́ọ̀lù náà kò tiẹ̀ dé agbọ̀n, Lorenzo Charles, ẹgbẹ́ rẹ̀, fò, ó gbà á lójú òfurufú, ó tì í wọlé, àkókò tán. 54 sí 52. Ọdún tó tẹ̀ lé e, yunifásítì Georgetown tún nà wọ́n ní 84 sí 75. Síbẹ̀, Ọlájùwọ́n ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní ìdíje 1983, pẹ̀lú ìjákulẹ̀ rẹ̀, kò sì tíì sí ẹlòmíì tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù tó gba irú rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ní, "Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ yẹ kó máa gba dọ́là 60 yìí o." Ọmọ wa náà rẹ́rìn-ín, kò bínú. Ìyẹn tún jẹ́ ohun kan tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀.

Ibi kejì ló sanwó fún ara rẹ̀. Fonde Recreation Center, ilé ìṣeré tí ìjọba ìlú kọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítòsí odò Buffalo Bayou. Ẹ ò ní rí ohun ẹlẹ́wà kankan níbẹ̀. Pátákó ilẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ wò, torí àṣà iṣẹ́ mi nìyẹn: ibi tí ẹsẹ̀ ti ń pọ̀ jù lábẹ́ agbọ̀n, bí bàtà bá yí níbẹ̀, ó ń dún kí, kí, kí. Òórùn òógùn, òórùn rọ́bà. Àwọn ọmọkùnrin kan ń gbá bọ́ọ̀lù, wọn ò tiẹ̀ bojú wò wá.

Ibí ni Ọlájùwọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́ tó gbá, ó lọ bi àwọn kóòṣì rẹ̀ kí ló lè ṣe kí wọ́n lè máa fún un láyè sí i, wọ́n ní kó lọ máa bá Moses Malone gbá bọ́ọ̀lù. Malone nígbà náà ni ìrókò ní ìdí iṣẹ́ yẹn, wọ́n ti fi jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní NBA lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1982, ó ń wá sí Fonde, ó ń ti ọmọ Èkó yẹn káàkiri, ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, kò ṣàánú rẹ̀. Ẹni tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tó wọlé. Ọmọ wa mọ apá yìí dáadáa, ó sọ ọ́ láìkánjú, mo sì gbóríyìn fún un.

Ṣùgbọ́n ó ní Malone ló kọ́ ọ ní Dream Shake, ẹsẹ̀ tí Ọlájùwọ́n fi ń tan ẹni tó ń ṣọ́ ọ jẹ. Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Malone kọ́ ọ ní agídí. Ẹsẹ̀ yẹn, láti ilé ló ti gbé e wá. Ọlájùwọ́n ti jẹ́ aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó sì ń gbá háńbọ́ọ̀lù ní Muslim Teachers' College l'Ékòó kó tó di pé básíkẹ́ẹ̀tì gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa. Nínú háńbọ́ọ̀lù, ìṣísẹ̀ mẹ́ta lẹ ní pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ìgànná èèyàn sì wà níwájú yín. Ẹni tí kò bá lè fi èjìká parọ́ níbẹ̀ kò lè jẹ góòlù.

Mo ní kí àwọn ọmọ yẹn ju bọ́ọ̀lù sí mi. Wọ́n wo gèlè mi, wọ́n wo kánfáàsì ẹsẹ̀ mi, ọ̀kan jù ú wá jẹ́jẹ́. Mo so ìró mi le. Mo ní kí èyí tó ga jù nínú wọn wá dúró sẹ́yìn mi. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí agbọ̀n báyìí. Ẹni ẹ̀yìn ń fi àyà tì yín. Ẹ fi èjìká ọ̀tún ṣe bí ẹni tó fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Orí àti èjìká nìkan ló ń lọ, ẹsẹ̀ òsì ṣì kàn mọ́lẹ̀. Yóò gbé gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ tẹ̀ lé yín. Lójú ẹsẹ̀, ẹ yí sósì, ẹ gbé bọ́ọ̀lù sókè bí ẹni tó fẹ́ jù ú, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú. Á fò. Bó bá ti fò, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí kò sí ibi tí èèyàn ti lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ lókè. Ẹ gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ẹ jù ú wẹ́rẹ́.

Orúnkún mi kò jẹ́ kí n fò, ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀yìn mi fò! Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi jáde. Ìgbà tí ọkọ ọmọ mi rí fídíò rẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ pé òun ń sanwó kí n lè lọ ṣiṣẹ́.

Ibi kẹta, n ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí rẹ̀. The Summit ni wọ́n ń pè é, ibẹ̀ ni Rockets ti gba ife NBA ní 1994 lọ́wọ́ New York, tí wọ́n sì parí ti 1995 pẹ̀lú Orlando tí Shaquille O'Neal wà nínú wọn. Lónìí, ṣọ́ọ̀ṣì Lakewood ló wà níbẹ̀, láti 2005. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi ni, n ò rí ohun tó burú nínú kí wọ́n máa kọrin ìyìn níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìta náà la tún wà, a ń wo fídíò lójú tábílẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ tó dúró. Ibí ni ọmọ wa ti sọ̀rọ̀ jù. Pé ní 1994, ọdún kan ṣoṣo, Ọlájùwọ́n gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, ti olùdáàbòbò tó dára jù, àti ti àṣekágbá. Ó tún un sọ. Ó tún tún un sọ. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nítòsí, ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín.

Toyota Center, níbi tí Rockets wà báyìí, yá ju ìyẹn lọ. Ẹ ò ní rí ère Ọlájùwọ́n níbẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 2008 ni jẹ́ẹ̀sì rẹ̀ tí wọ́n fi idẹ rọ, nọ́ńbà 34, kò ní orí, kò ní ọwọ́, torí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n ya àwòrán òun sí ère. Ó ga ju èèyàn lọ dáadáa. Àwọn ará Dallas ya fọ́tò, ọmọ wa sọ pé bọ́ọ̀lù 3,830 ló fi ọwọ́ lé padà ní NBA tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá rẹ̀, pé láti 2022 orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ àmì ẹ̀yẹ olùdáàbòbò tó dára jù. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó kẹ́yìn ni mọ́ṣáláṣí, ní àárín ìlú, òpópónà Travis. Bí ẹ bá dé iwájú rẹ̀, ẹ ò ní gbà pé mọ́ṣáláṣí ni. Ilé báńkì ni, 1928 ni wọ́n kọ́ ọ, àwọn òpó òkúta ńláńlá tò síwájú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ báńkì láyé ìgbà yẹn kí àwọn èèyàn lè rò pé owó àwọn kò ní sọnù. Ọlájùwọ́n rà á ní 1994, ọdún ife àkọ́kọ́ yẹn gan-an, ó wá ṣí i ní 2002 gẹ́gẹ́ bí Islamic Da'wah Center, ọdún tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lẹ́yìn sáà kan ní Toronto. Ẹ wo ìṣirò yẹn: ó ti ń kọ́ ibi tó máa lọ nígbà tí ayé rò pé kò sí ibòmíì tó máa lọ.

A bọ́ bàtà. Gèlè ti wà lórí mi, ẹnikẹ́ni ò yọ mí lẹ́nu. Àbúrò mi tó jẹ́ Alhaja ni mo rò nígbà tí mo rí àjà tó ga lókè réré yẹn, mo pè é lórí fídíò kó lè rí i, ó sì gbàdúrà sí mi lórí láti Ọ̀jẹ́.

Níbí ló yẹ kí ọmọ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gidi, ibẹ̀ ló ti dákẹ́. Ó ní, "Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, ó wọ òwò ilé àti ilẹ̀, ó sì lówó gan-an." Ó tán. Jàre! Ọ̀nà tó gbà ṣòwò yẹn gan-an ni ìtàn. Kò yá owó èlé, torí ẹ̀sìn rẹ̀. Owó lọ́wọ́ ló fi ń ra ilẹ̀ àti ilé ní Houston, nígbà tí gbogbo àwọn oníṣòwò ilé ń fi owó báńkì ṣe é. Ẹni tó lọ ra ilé báńkì, tó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí, tí kò sì yá kọ́bọ̀ owó èlé lọ́wọ́ báńkì kankan, ṣé ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀? Ó kó lọ sí orílẹ̀-èdè Jọ́dánì fún ọdún mélòó kan kó lè kọ́ èdè Lárúbáwá àti ẹ̀sìn rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wá bá a kó kọ́ wọn ní ẹsẹ̀ yẹn: Kobe Bryant, Dwight Howard, LeBron James ní 2011. Kí ó tó fẹ̀yìn tì pàápàá, ní oṣù kejì 1995, ó gba ààwẹ̀ Ramadan lójoojúmọ́, ó sì gbá bọ́ọ̀lù débi tí NBA fi fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù oṣù náà. Bàtà tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ tà nígbà yẹn sì wà ní nǹkan bíi dọ́là 35, kí ọmọ tálákà lè rí i rà. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ọmọ wa sọ fún wa.

Ìdí tó fi ká mi lára nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí básíkẹ́ẹ̀tì, ó lọ sí yunifásítì kan ní Ohio. Orúnkún rẹ̀ lọ ní ọdún kẹta. Nọ́ọ̀sì ni báyìí, iṣẹ́ òru ló ń ṣe, ọmọ mẹ́ta ló ní, ó ṣì ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ọjọ́ ìbí mi. Àwọn tó ń ti yunifásítì bọ́ sí NBA kò tó nǹkan rárá, ti àwọn obìnrin tún wá kéré sí i. Àwọn òbí tó ń kó ọmọ wọn wọ bọ́ọ̀sì yẹn, ìyá àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n máa fẹ́ gbọ́ ni bí èèyàn ṣe ń gbé ayé lẹ́yìn tí fèrè bá ti fọn. Ife 1994, wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Mo sọ gbogbo èyí fún un nígbà tó ń dì mí lọ́wọ́ mú sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ́mì, màá tún un ṣe," ó sì kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀ lójú mi. Ó fún mi ní omi kejì láìgba owó. Bóyá á ṣe é, bóyá kò ní ṣe é, ọmọ dáadáa ni.

Ìmọ̀ràn mi tó kù: ẹ má lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, àwọn olùjọ́sìn máa ń kún mọ́ṣáláṣí, ẹ ò ní ráyè wo nǹkan kan. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ bẹ ọmọ wa kó fi yín sílẹ̀ ní Fonde fún wákàtí kan nígbà tó bá ń gbé àwọn tó kù lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó máa ń gbà bí ẹ bá sọ ọ́ fún un ní kùtùkùtù.